Láti Ìmẹ̀kọ dé Ifẹ̀ àti Iléṣà: ọjọ́ méje nídìí ẹ̀kọ́ ìdènà àrùn ẹnubodè

Ọjọ́ kìíní, Àìkú. Ìmẹ̀kọ sí Ilé-Ifẹ̀

Aago mẹ́fà ìdájí kò tíì lù tí mo fi dé gáréèjì Ìmẹ̀kọ. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ń yọ̀, dẹ́rẹ́bà sì ní òun ò ní gbéra àfi tí mọ́tò bá kún. Aago méje ààbọ̀ ló tó kún. Láti ibẹ̀ dé Ayétòrò, kòtò ló ń darí mọ́tò, kì í ṣe dẹ́rẹ́bà. ₦5,000 ni mo san dé Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá máa gba ọ̀nà yìí lásìkò òjò, kó má ṣe fi ìpàdé kankan sí ọjọ́ kan náà tó ń rìn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ mi: òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà àti Benin. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn, DSNO là ń pè é. Abẹ́ tiwa ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí ara ọmọ kan bá gbóná tí ara rẹ̀ sì sú, tí ẹsẹ̀ ọmọdé bá ṣàdédé rọ, tí èèyàn mẹ́ta nínú agboolé kan bá ń yàgbẹ́ bí omi, àwa ló yẹ ká kọ́kọ́ gbọ́. Mo ní "ó yẹ", torí ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé àwa là ń gbọ́ kẹ́yìn. Ohun tó gbé mi lọ sí Ifẹ̀ nìyẹn: ẹ̀kọ́ ọjọ́ márùn-ún fún àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ìlera lẹ́nubodè.

Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, a rin ìrìn ìrọ̀rùn. Ní Ìwó Road mo wọ mọ́tò Ifẹ̀, ₦3,500. A kọjá Aṣéjíré, a dé Ìkirè, mo sì ra dòdò Ìkirè ₦500 lójú fèrèsé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tó ti rọ̀ tí kò ṣeé gé mọ́, ni wọ́n fi ń ṣe é. Ata àti iyọ̀ á wọ̀ ọ́, wọ́n á dín in nínú epo títí á fi dúdú. Ẹ má tìtorí dúdú rẹ̀ sá fún un.

A ò tíì dé Gbọ̀ngán tí táyà fi bẹ́. Èyí tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀, òun náà ti jò. Òjò tún dé. Ìyá kan tó ń ta kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì pe gbogbo wa sábẹ́ páànù rẹ̀. Aboyún kan wà nínú wa, ó sì gbé àpótí tirẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ lóṣòó. Ó po ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ kan tó ń gbọ̀n. Nígbà tí a fẹ́ fún un lówó, ó ní: "Ṣé èmi ni mo rọ òjò tí n ó fi máa gba owó rẹ̀ ni?" Wákàtí méjì la lò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó sọ̀ ní Mayfair, nílùú Ifẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Ajé. Ilé-Ifẹ̀

Gbọ̀ngàn tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ kò jìnnà sí Lágere. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbé wa débẹ̀ ní ₦200. A tó ọgbọ̀n: àwọn ará Ìdìrókò wà níbẹ̀, àwọn ará Ṣakí àti Ìwéré-Ilé, àwọn méjì láti Bàrútẹ́n ní Kwárà, àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan láti Ifẹ̀ àti Iléṣà fúnra wọn. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé èèyàn méjì wá láti Kétu, ní ìhà Benin. Ọ̀kan nínú wọn jókòó tì mí. Faransé ló fi ń kọ ìwé, Yorùbá Kétu ló fi ń sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó ń sọ sì ni mo ń gbọ́, torí bí ìyá ìyá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí látàárọ̀.

Olùkọ́ wa àkọ́kọ́ jẹ́ ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò gbé ìwé kankan síwájú wa. Ó pín bébà pélébé fún kálukú, ó ní: "Ẹ kọ orúkọ tí ìyá yín àgbà ń pe measles. Ẹ má wo iwájú, ẹ má wo ẹ̀yìn." Nígbà tó kó wọn jọ, ó kà wọ́n jáde. Èèyi. Ìta. Ìgbóná. Olóde. Ilẹ̀ gbígbóná. Bébà kan ṣófo. Ọkùnrin tó ni ín dìde, ó ní, "Mà, nílé wa, a kì í pè é."

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ìyá náà ní, "Ìwọ lo kọ ìdáhùn tó péye jù."

Àlàyé rẹ̀ rèé. Nínú ìwé wa, ẹni tá a fura sí pé èèyi mú ni ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tí ara rẹ̀ sú, tó sì ń wúkọ́, tàbí tí imú rẹ̀ ń dà, tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ìwé ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ tó wà nínú ilé kò ka ìwé yẹn. Àrùn tó bá ti ń sú síni lára, inú ẹ̀rù Ṣọ̀pọ̀nná làwọn èèyàn wa ti ń wò ó. Lóòótọ́, ọjọ́ 8, oṣù Karùn-ún, ọdún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ṣọ̀pọ̀nná ti kúrò láyé. Ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù orúkọ kan kò ní dá ọ lóhùn tó o bá fi orúkọ òyìnbó béèrè rẹ̀, kò sì ní pè é fún ọ tó o bá béèrè tààrà.

Mi ò lè gbé ojú sókè nígbà tó ń sọ̀rọ̀ yìí, torí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi. Abúlé kan wà lọ́nà Ìlárá tí mo wọ agboolé mẹ́ta nínú rẹ̀, tí mò ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní measles. Wọ́n ní rárá, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n fún mi lómi. Mo kọ òdo sínú ìwé. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọmọ kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n fi aṣọ bò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọmọ méje ló dùbúlẹ̀, ọ̀kan kò sì dìde mọ́. Mo padà lọ bá ìyá ọmọ àkọ́kọ́. Kò bínú sí mi. Ó kàn ní: "Nọ́ọ̀sì, ẹ ò béèrè ilẹ̀ gbígbóná."

Àrùn kì í dúró de orúkọ tí a fi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ bíi tèmi gbọ́ nìyẹn, kódà tí ẹ ò bá ka ìyókù. Ẹ kó orúkọ tí àwọn ará àdúgbò yín ń pe àrùn jọ kí ẹ tó kó ohunkóhun mìíràn. Lọ́dọ̀ wa, onígbáméjì ni èyí tó ń gbẹ omi ara. Yírùnyírùn ni èyí tó ń mú ọrùn le. Ibà pọ́njú, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, dìgbòlugi, a kọ gbogbo wọn sílẹ̀, ará Kétu náà kọ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Lálẹ́, mo pe ọlọ́kadà kan tó máa ń gbé mi lọ sí Ìlárá. Mo sọ fún un pé tó bá gbọ́ pé ilẹ̀ gbóná níbikíbi, kó pè mí, ì báà jẹ́ òru. Ó ní, "Ẹ ò sọ fún mi rí, Àǹtí." Òótọ́ ni. Mi ò sọ fún un rí.

Ọjọ́ kẹta, Ìṣẹ́gun. Ilé-Ifẹ̀

Bébà fífẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀, ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́ta, ilẹ̀ gbalaja. Iṣẹ́ wa ni pé ká ya ẹnubodè wa, kì í ṣe bí ìjọba ṣe yà á, àmọ́ bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe ń là á. Níbo ni wọ́n ti ń fẹ́ ìyàwó? Ọjà wo ni wọ́n ń ná, ọjọ́ wo? Ta ni wọ́n ń bá ra àgbo? Tẹ́nìkan bá kú, ibo ni wọ́n ń gbé e lọ sin?

Èmi àti àbúrò mi ará Kétu la jọ ya tiwa. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ fọwọ́ sí ìwé tó la ilẹ̀ yìí sí méjì. Ìlárá wà níhìn-ín, Ìlárá wà lọ́hùn-ún. Ẹnìkan lè sùn ní Nàìjíríà kí oko rẹ̀ wà ní Benin. Mo fa ìlà pupa fún ọ̀nà tí kọ́sítọ́ọ̀mù wà, ọ̀kan ṣoṣo. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi dúdú fa ọ̀nà ẹsẹ̀. Ìgbà tó di ìkẹtàdínlógún, a dúró, a wo ara wa. Mo rántí ìgbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019. Ọ̀nà pupa yẹn ni wọ́n tì. Àwọn ọ̀nà dúdú yìí, ta ló fẹ́ tì wọ́n?

Àwọn ará Bàrútẹ́n gbé tiwọn kalẹ̀, ó sì wọni lára. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn aláìsàn ibà Lássà láti Táberú lọ́dọ̀ wọn ń kọjá lọ gba ìtọ́jú ní Benin. Kì í ṣe pé wọ́n ń sá fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ni lèèyàn ń gbé aláìsàn lọ. Ta ní ń béèrè àsíá?" Ìlú Lássà ní Borno, níbi tí wọ́n ti rí ibà yìí ní 1969, jìnnà sí ibẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n eku tó ń gbé e kiri wà nínú ilé wa. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó bá oúnjẹ. Gààrí tí a kò bò, ọkà tí a sá sójú títì, ọ̀nà tó ń gbà wọlé nìyẹn. Tó bá ti mú ẹnìkan, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn á tún ran ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ ìlera fi máa ń wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ kú.

Ọ̀gbẹ́ni kan láti Iléṣà kò ya nǹkan kan. Ó ní, "Àwa ò ní ẹnubodè." Ìyá olùkọ́ bi í pé ta ní ń bá wọn ká kòkó. Ó ní àwọn Àgàtú, àwọn Ègùn náà wà níbẹ̀. Ta ní ń wa góòlù ní Ìtagunmodi àti Ìgún? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn tó wá láti Òkè-Ọya ni. Níbo ni wọ́n ń sùn, omi wo ni wọ́n ń mu, ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tí ara wọn bá gbóná? Ọ̀gbẹ́ni náà mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Tirẹ̀ ló gbẹ̀yìn, tirẹ̀ ló sì kún jù.

Láyé àwọn baba wa, oníbodè ló ń jókòó lẹ́nu odi ìlú. Owó ibodè ló ń gbà, àmọ́ ó tún mọ ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ará Kétu sọ fún wa nípa Akába Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tó wà nílùú wọn títí dòní. Ó ní òun máa ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, òun ò sì fi iṣẹ́ òun wé ti oníbodè rí.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ó ní kí n bá òun dé Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Kò wá Ifẹ̀ rí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ifẹ̀ ni wọ́n ní Alákétu ti gbéra lọ tẹ Kétu dó. A san owó ìwọlé, a dúró sídìí òkúta náà. Ó ga tó mítà márùn-ún ààbọ̀, wọ́n kan àwọn ìṣó irin mọ́ ọn lára. Ó fọwọ́ kàn án, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí mò ń bọ̀, wọ́n bi mí lẹ́nubodè pé kí ni mò ń wá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè."

Ọjọ́ kẹrin, Rú. Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀kọ́ òní dá lórí títọpinpin ẹni tó fara kan aláìsàn. Gbogbo wa la rántí 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọkùnrin kan gbé Ebola láti Làìbéríà wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní kúrò ní ilé ìwòsàn, àrùn náà sì pa dókítà yìí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Èèyàn ogún ló mú, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Àárín oṣù mẹ́ta nìyẹn, ẹsẹ̀ ló sì ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ tọ èèyàn 894 lẹ́yìn, wọ́n ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ń wọn ìgbóná ara, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, títí tí wọ́n fi mọ̀ pé ewu ti kọjá.

Ọ̀gbẹ́ni Iléṣà tó ní àwọn ò ní ẹnubodè lánàá ló fún wa lọ́rọ̀ tí a mú lọ. Ó ní àwọn baba òun tó ń ṣòwò aṣọ àwìn, òṣómàáló làwọn èèyàn ń pè wọ́n, torí tí wọ́n bá dé ojúde onígbèsè, wọn á ní àwọn á lóṣòó síbẹ̀ títí àwọn á fi gba owó àwọn. "Ọjọ́ mọ́kànlélógún yìí, ẹ lóṣòó tì í." Láti ìgbà yẹn, òṣómàáló la ń pe ara wa.

Ọ̀sán, mo jẹ iyán nítòsí Sábó, ₦1,800 pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran méjì. Iyán náà funfun, kò ní kókó, ó ń fà. Ìyá oníyán béèrè iṣẹ́ wa, nígbà tó gbọ́, ó fi pọ̀ǹmọ́ kan kún un, ó ní ọmọ òun náà ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Nírọ̀lẹ́ ni wọ́n pín kúlà kéékèèké fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú yìnyín inú ike àti tẹmọ́mítà. Tí ẹsẹ̀ tàbí apá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá ṣàdédé rọ, ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì là ń gbà, kí wákàtí 24 ó kéré tán wà láàárín méjèèjì, kó má sì kọjá ọjọ́ 14 tí ẹsẹ̀ náà rọ. Láti ibẹ̀, Ìbàdàn ni tiwa ń lọ fún àyẹ̀wò, inú òtútù tí kò kéré sí 2°C tí kò ju 8°C lọ ló sì gbọ́dọ̀ wà títí yóò fi débẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní wild polio kò sí ní Áfíríkà mọ́. Tí a bá jẹ́ kí òtútù yẹn já, a ò ní mọ̀ tó bá padà. Àṣẹ wa: ẹ tọ́jú kúlà yìí dé Iléṣà lọ́la láìjẹ́ kó kọjá 8.

Ọjọ́ karùn-ún, Bọ̀. Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà

Iná lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́ àná, kò padà. Àwọn onílé ìtura náà pa jẹnẹrétọ̀ ní aago mọ́kànlá. Mo jí ní aago mẹ́rin, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí tẹmọ́mítà: 5. Aago márùn-ún ààbọ̀: 6. Nígbà tó di aago mẹ́fà ààbọ̀, ó ti ń wo 7. Mo gbé kúlà náà, mo ń wá yìnyín kiri àdúgbò. Gbogbo ilé ìtajà ṣì tì.

Obìnrin kan ń gbálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta mínírà àti píọ́ wọ́tà. Mo ṣàlàyé fún un. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó ṣí fìríísà rẹ̀. Àwọn píọ́ wọ́tà tó wà nísàlẹ̀ ṣì dì gbagidi, torí ó ti fi aṣọ òfì àtijọ́ wé fìríísà náà láti alẹ́. Ó ka mẹ́jọ fún mi. Ó tún kọ́ mi ní ohun tí mi ò mọ̀: "Ẹ má jẹ́ kó kan nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú tààrà, Àǹtí, á dì. Ẹ fi bébà ìwé ìròyìn sí àárín." Ohun tí ìwé wa náà sọ nìyẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣe é lójú mi rí. Ó gba ₦400, kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ máa lọ: ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ gbé ìwé ìròyìn àtijọ́ dání, kí ẹ sì mọ ẹni tó ní fìríísà ní àdúgbò yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ifẹ̀ sí Iléṣà kò jìnnà, ₦1,500, a gba Òṣú kọjá. Nígbà tí a sọ̀, olùkọ́ ṣí kúlà níkọ̀ọ̀kan. Tiwa ń wo 4. Ẹgbẹ́ méjì ti wà ní 11, ọ̀kan wà lábẹ́ òdo. Ó jọ pé gbogbo wa la bá wọn kẹ́dùn, torí a mọ̀ pé tó bá jẹ́ ìgbẹ́ ọmọ gan-an ni, ọmọ yẹn kò ní ìdáhùn.

A kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn Wesley. Àárín 1956 sí 1961 ni Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Ìmẹ̀sí-Ilé tí kò jìnnà síbẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ni káàdì tí a fi ń tọpa ìwọ̀n ọmọ ti wáyé, èyí tí ìlà rẹ̀ ń gòkè bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ohun tó jẹ mí lógún nínú rẹ̀ ni pé ọwọ́ ìyá ọmọ ni wọ́n fi káàdì náà sí, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi wò lára wọn nílẹ̀ wa. Mo rántí ọmọ tí kò dìde mọ́ lọ́nà Ìlárá. Abẹ́rẹ́ yẹn ti wà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ kò tíì dáyé.

Ẹnìkan tún dárúkọ Dókítà Oguntola Sapara fún wa, tí wọ́n bí ní 1861, tó kú ní 1935. Sàró ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀nná ń pa àwọn èèyàn, ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ rẹ̀ láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì jábọ̀ pé èépá ara aláìsàn ni wọ́n fi ń tan àrùn náà ká. Ìjọba fòfin dè wọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà rẹ̀. Ó mọ̀ pé tóun bá dúró síta, òun ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀sán, wọ́n rán wa lọ sí ọjà Atakúnmọ́sà pẹ̀lú iṣẹ́ kan ṣoṣo: ẹ lọ fetí sílẹ̀. Èmi àti ará Kétu jókòó ti ìyá alágbo kan. A kí i kú ọjà, a ra àgbo ibà, a bá a sọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ owó epo. Ìgbà tó pẹ́ ni mo ní, "Ìyá, kí ni wọ́n ń rà jù lọ́sẹ̀ yìí?" Kò tiẹ̀ ronú. "Ti inú ni. Láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Àwọn tó ń wa góòlù ló ń rán ọmọ wá rà á, ìgò mẹ́ta mẹ́ta." A kọ ọ́ sílẹ̀, a gbé e lé òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn lágbègbè náà lọ́wọ́ kí aago mẹ́rin tó lù. Ó gbéra lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú páálí ORS kan, ìyẹ̀fun tí à ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́.

Ọjọ́ kẹfà, Ẹtì. Iléṣà

Ìparí ẹ̀kọ́. Wọ́n fún wa ní ìwọ̀n tí a ó máa fi wọn ara wa: ọjọ́ méje láti rí àrùn lẹ́yìn tó bá yọjú, ọjọ́ kan láti sọ ọ́, ọjọ́ méje láti parí àwọn ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe sí i. Méje, ọ̀kan, méje. Mo wo àwọn ìwé mi àtẹ̀yìnwá. Ti ọ̀nà Ìlárá gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kí n tó rí i.

Owó ọkọ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún wa kò tíì wọlé títí mo fi ń kọ èyí. Ó dùn mí, torí àwọn kan yá owó wá. Ẹ mú owó ìpadàbọ̀ yín dání nígbàkigbà.

Ohun tí mo kà sí jù nínú báàgì mi kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Nọ́ńbà fóònù àbúrò mi ará Kétu ni. Ìwé àṣẹ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì ní ọ̀nà tirẹ̀, a ò ní fò ó. A kàn fẹnu kò pé kí ìwé tó dé, ohùn á ti dé.

Ọjọ́ keje, Àbámẹ́ta. Iléṣà sí Ìlárá

A jọ wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, a pínyà níbẹ̀. Mo ti kọjá Ayétòrò, aago méjì kù díẹ̀, nígbà tí fóònù mi dún. Ọlọ́kadà mi ni. "Àǹtí, ẹ ní kí n pè yín. Ilẹ̀ gbóná lágboolé kan níbí. Ọmọ méjì. Wọ́n ní ìyá wọn ti kó àbúrò wọn kọjá sọ́hùn-ún lánàá."

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ará Kétu, mo dárúkọ agboolé náà, mo dárúkọ ìdílé ìyá ọmọ. Kò tíì délé, ojú ọ̀nà lòun náà wà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi dá mi lóhùn: "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ti pe ẹnìkejì mi, ó ti gun alùpùpù."

Mi ò yà sílé. Ọmọ mi wá gba báàgì mi ní gáréèjì, mo gba kúlà àti fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì, mo sì lọ. Nígbà tí mo dé agboolé yẹn, mo kí wọn, mo jókòó, mi ò béèrè measles. Mo ní mo gbọ́ pé ilẹ̀ gbóná, Ọlọ́run yóò fi ìtura sí i. Ìyá àgbà kan dìde, ó ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn fún mi fúnra rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń kọ èyí, nílé ìwòsàn Ìlárá. Ọmọ mẹ́rin la rí níhìn-ín, wọ́n rí méjì lọ́hùn-ún. Mo ti gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó wà nínú òtútù. Fítámì A, tí a máa ń fún ọmọ tí èèyi bá mú, èyí tó wà lọ́wọ́ mi tó ọmọ méjì péré. Wọ́n ní tiwọn ṣẹ́ kù lọ́hùn-ún, ọlọ́kadà ti lọ gbà á wá, mo sì ń gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ̀ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà oko.